Etí Odi

Ní Ẹlẹ́yẹlé, Moróunkọ́lá ju òkúta sómi.
Ìgbì gbéra, ó forí sọ odi ìsédò,
ó ṣẹ́rí padà wá bá a lẹ́sẹ̀.
"Bí àwọn átọ́ọ̀mù mi ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ó to ogójì sórí ìlà kan nínú kọ̀ǹpútà,
ó sì da ìsinmi wọn rú lójijì.
Ti àárín rò pé gbalasa layé.
Ti etí ti mọ̀:
aládùúgbò kan ṣoṣo ni wọ́n ní.
Ìròyìn odi kì í fò, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé àárín.
Kó tó débẹ̀,
iná lọ ní Àgbowó.

Nínú òkùnkùn mo bi í, ìgbà wo ni wọn óò fara balẹ̀?
"Odi ò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé."