Ọkọ Mi Kò Darúgbó

Ayálégbé tuntun tó gba yàrá ẹ̀yìnkùlé
gbójú sókè wo fọ́tò lára ògiri mi,
ó ní: "Ìyá, àbíkẹ́yìn yín rèé? Ó mà jọ yín o."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo bu omi fún un.
Ọkọ mi ni.

Mùdáṣírù, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.
Ó di bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ ojú omi lóru Àlàmísì,
ọ̀sà gbé e, ọ̀sà dá a padà ní ọjọ́ kẹta.
Láti ìgbà náà, kò ka ọjọ́ orí mọ́.
Èmi ni mo ń bá a kà á.
Aago ọwọ́ tó fi ń ṣe fáàrí nínú fọ́tò yẹn, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni;
a dá a padà lẹ́yìn ìsìnkú,
ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ilé Àgùdà tó dojú kọ wa ní Ògànlá,
tí wọ́n kùn ní pupa lọ́dún ìgbéyàwó wa,
òrùlé rẹ̀ ti wọlé, igi ti hù láti fèrèsé òkè.
Àwọn òyìnbó ń yà á, wọ́n ní ó rẹwà.
Ilé nìyẹn.

Alẹ́ Jímọ̀ọ̀, mo ti fèrèsé, mo fi ọ̀rá bọ ọwọ́,
mo po oògùn dúdú tí mo rà ní ọjà Wàndó,
mo ń kun orí bí ẹni ń jalè nínú ilé ara rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ méjì, funfun a tún yọjú láti ìdí irun,
kò bínú, kò kánjú,
ó mọ̀ pé ilé òun ni.

Àbúrò mi bi mí bóyá mo ti rí ẹlòmíràn ni.
Kí ni kí n sọ?
Ikú fúnra rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù.
Ẹnu ọ̀nà ọ̀hún ni:
kí n dé tòun ti orúnkún tó ń ké,
ọrùn tó ti tú bí ìró àlòkù,
kí n rí i níbẹ̀, fílà rẹ̀ tẹ̀ sí etí òsì,
kí n pè é,
kí ó yíjú,
kí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa,
kí èmi tí mo ń sọ "ẹ" fún un
ní gbogbo ọjọ́ tí a fi gbé pọ̀,
èmi tó máa ń pè ní "Sìdí, ìwọ yìí,"
wá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé:
"Ẹ kú ìrìn o, màmá.
Ta ni ẹ ń wá?"