Lẹ́tà Kan

Alẹ́ Kúbwá. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń húkọ́.
Nanzip gbé àpótí kan lé itan,
kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ;
ó ki okùn fóònù orí tábìlì bọ̀ ọ́,
fóònù tó ti yadi tipẹ́.
"Bàbá, pásíwọ́ọ̀dù Wáì-fáì ńkọ́?"
Àṣàbí ló fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kó tó lọ.
Mo pè é: a, s, a, b, i.
Iná pupa.
A tún un tẹ̀. Pupa.
Àfìgbà tí mo rántí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀,
tíṣà àtijọ́:
"s" kì í dá rìn, "h" a máa tẹ̀ lé e.

Iná di àwọ̀ ewé.

Mo pe Arínpé ní Kánádà.
Ohùn ara mi ló kọ́kọ́ padà dé,
lẹ́yìn náà, ẹ̀rín.
Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni.
Ó kàn pẹ́ díẹ̀ lọ́nà.