Ilé Ìwé Òkè Ṣọ́ọ̀bù Fọkanáísà

Ẹgbẹ̀ta rupí lóṣooṣù.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹní,
owó ẹ̀gbà ọwọ́ tí mo fi ẹ̀yinná yọ́
fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Ghaus ní, "Ti ìjọba ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ṣáà ni.
Wọ́n ń fún wọn ní ìrẹsì lọ́sàn-án,
pápá wọn fẹ̀, dóńgóyárò ṣíji bo ibẹ̀."
Òótọ́ ni. Mo lọ wò ó ní ọjọ́ Ajé kan.
Àga olùkọ́ ṣófo,
ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ pátákó,
àádọ́rin ọmọ ń ké bí ẹyẹ ẹ̀gà,
kò sẹ́ni tó mọ̀ bí ọ̀kan ò bá wá.

Ti àdúgbò wa ní Yakutpura,
òkè ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ló wà.
Àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró: bí ọmọ kan bá ń sọ̀kalẹ̀,
èkejì á dúró dè é.
Kò sí pápá. Orí òrùlé ni wọ́n ti ń sáré,
ògiri ibẹ̀ ò ju orúnkún mi lọ;
bó bá ti di aago mọ́kànlá,
àyà mi a já nídìí ẹ̀gbà.
Òórùn rọ́bà wọnú ìwé wọn.
Mehjabin, olùkọ́ rẹ̀, kò tíì pé ogún ọdún,
ìdánwò tirẹ̀ ló ń kà lábẹ́ tábìlì.
Ó kọ́ Tabassum ní Gẹ̀ẹ́sì ojú ewé mẹ́ta,
ọmọ ń kà á wàràwàrà bí òjò orí páànù.
Mo ní, "Kí ló túmọ̀ sí?"
Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì,
Mehjabin yìí náà ló kanlẹ̀kùn wa nínú oòrùn,
bàtà rẹ̀ já, ó fi okùn dì í.
"Tabassum dà? Àyè rẹ̀ ṣófo."
Ta ló tíì bèèrè ọmọ wa bẹ́ẹ̀ rí?

Mo bi í ní iye tí wọ́n ń san fún un.
Kò tó èrè ẹ̀gbà mi.
Ojú tì mí. Àwa tí à ń wá ọjà pọ́ọ́kú,
ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ la di ẹrù náà lé.

Lánàá, Tabassum mú lẹ́tà kan bọ̀.
Èmi ò mọ̀wé. Ó jókòó ti iná èédú,
ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lédè wa,
kò kọsẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń kà:
láti oṣù Kẹfà,
owó ilé ìwé di ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́jọ.

Ghaus mí kanlẹ̀.
Èmi ní kó tún un kà.