Ọ̀dà Tí Kò Gbọdọ̀ Dán

Urbain Lavallee gbé koríko wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Selkirk,
ìdì ìféèfe kan, okùn bàtà ló fi dì í,
ó gbé e lé káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń po ọ̀dà.
"Àwọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́," ni bàbá wí.
"Má ta ìbátan rẹ̀ fún mi."

Oṣù Kẹsàn-án ń parí lọ. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ti ń bà sí àbàtà Netley,
ọkọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé, páànù lásán, tó ń tàn bí eyín.

Mo wo koríko náà.
Ìdí rẹ̀ ṣì tutù díẹ̀, bí ẹni tí kò gbà pé òjò ti lọ.
Àárín rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, bí gàrí tí iná ti fọwọ́ bà.
Orí rẹ̀ ń tú òwú sára aṣọ iṣẹ́ mi.
Mo ní: "Àwọ̀ mẹ́ta ni èdè ìyá mi fi ń bẹ̀rẹ̀:
dúdú, funfun, pupa. Ìyókù, à ń fi í wé nǹkan ni."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ó yá, fi í wé nǹkan."

Mo tẹ́ páálí àwọ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni ń pín káàdì:
àwọ̀ eérú, àwọ̀ yanrìn, àwọ̀ kọfí tí a fi mílíìkì là,
èyí tí àwọn tó ṣe é sọ ní Àlàáfíà Ìrọ̀lẹ́.
Ó ní òun kò tíì pàdé pẹ́pẹ́yẹ tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀.
Èyí tó ṣe bí ewé, ó ní oṣù Kẹfà nìyẹn,
ta ní ń dẹ pẹ́pẹ́yẹ nínú oṣù Kẹfà?
Èyí tó dúdú, ó ní ọkọ̀ yóò dà bí ihò lójú omi,
ẹyẹ kì í bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò.
Nígbà tí mo ṣí agolo tó ń kọ mànàmànà, ojú rẹ̀ yí padà.
"Gbọ́, ọmọ. Ẹyẹ a máa dárí àwọ̀ jini.
Kì í dárí dídán jini."

Àbúrò rẹ̀, Rosaire, fi ọ̀dà ilé ìdáná kun tirẹ̀ lọ́dún kan.
Odidi ìgbà ọdẹ, ìdí ẹyẹ nìkan ló ń wò lókè,
wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ.

Mo po ó lẹ́ẹ̀mẹrin.
Ẹ̀kán dúdú mẹ́ta, pupa kan,
méjì nínú èyí tó dà bí ìyeyè tó pọ́n.
Ẹ̀rọ ń gbọn agolo bí ẹni ibà mú.
Mo fi kan igi pẹlẹbẹ, mo fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i kó gbẹ,
nítorí ọ̀dà tútù, òpùrọ́ ni.
"Iná orí àjà yín náà ń purọ́," ni Urbain wí,
ló bá mú wa jáde.

Afẹ́fẹ́ ń gé wa létí níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.
Ó gbé igi náà àti koríko sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan gọ́tà,
ó di ojú kan, ó fún ìkejì pọ̀. "Igi dà?"
Mo rí i. Mo ní mi ò rí i.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wá irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ fún ohùn mi
lórí tẹlifóònù, kí wọ́n má baà bi mí pé
bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n níbo gan-an lo ti wá?
N kò sọ ìyẹn fún un. Mo ta agolo méjì àti kànrìnkàn kan
tí yóò fi máa tẹ̀ ẹ́ ní àbàwọ́n-àbàwọ́n,
nítorí nínú àbàtà, ó ní, kò sí ohun tó tọ́ gbọnrangandan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó padà, imú rẹ̀ ti bó.
Pẹ́pẹ́yẹ méjì. Èkejì jábọ́ sáàárín ìféèfe,
ó fẹsẹ̀ rìn lọ mú un, ó yíjú padà, kò rí ọkọ̀.
Wákàtí kan àbọ̀ nínú omi tó dé orókún,
tó ń pe ọkọ̀ bí ẹni ń pe ajá.
Kò bínú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Ó wá ní kí n bá òun po agolo kékeré kan
fún ojú kan lára àjẹ̀, èyí tí òun yóò gbé dúró nínú ọkọ̀
bí òun bá ń sọ̀ kalẹ̀.
"Pupa," ni ó wí.
Mo bi í pé pupa bí kí ni.
"Pupa."
Mo po ó fún un. Ó ń dán.