Ìbọ̀sẹ̀ Pupa

Ní Punta Arenas, afẹ́fẹ́ kì í sinmi.
Ó ń ṣí fìlà lórí onífìlà,
ó ń ti arúgbó kiri bí ọmọlanke,
títí wọ́n fi so okùn mọ́ etí títì
kí aráàlú lè rí nǹkan dì mú.
Afẹ́fẹ́ pọ̀ níta tó báyìí, Heriberto,
kí ló dé tí ọ̀fun rẹ ń ṣahun èémí?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbọ́ bí o ṣe ń hanrun.
Àwọn ọmọ ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àgùntàn rẹ lo gbé wọlé.
A rẹ́rìn-ín.
Èyí tó ń dún kò bà mí lẹ́rù.
Èyí tó dákẹ́ ni.

Oṣù kẹfà ni, tí oòrùn yọjú fìrí tó tún wọ̀,
tí oorun nìkan ló kù téèyàn lè fi ṣe ọrọ̀.
Ìwọ sì ni tálákà rẹ̀:
o sùn wákàtí mẹ́sàn-án, o jí bí ẹni tó rugi mọ́jú,
o tòògbé sórí oúnjẹ, ṣíbí já bọ́.
O ní ogbó ni.

Mo jókòó tì ọ́, mo ń hun ìbọ̀sẹ̀.
Òwú funfun.
Èémí rẹ dúró. Mo ka mẹ́rin, mo ka mẹ́jọ,
àyà rẹ ń fà, ikùn ń fà, afẹ́fẹ́ ò kọjá,
bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n há látinú.
Mọ́kànlá.
O mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọ lódò,
o yíra padà, o ò mọ nǹkan kan.
Mo mú òwú pupa, mo hun ojú kan.
Ó tún dúró. Pupa.
Pupa.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, funfun ò tó nǹkan mọ́ lára rẹ̀.

Mo gbé e fún Dókítà Mancilla.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ pupa lọ, ojú kan sí òmíràn:
"Ìyá, gbogbo ibi tó pupa yìí, ọkàn sáré níbẹ̀."
Ó ní béèmí bá sé, ọkàn á ta gìrì
bí ẹni tí olè ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ lóru,
á máa ti ẹ̀jẹ̀ tagbára-tagbára;
ilẹ̀ á mọ́, ìfúnpá ò ní sọ̀ kalẹ̀ tán.
Iṣẹ́ ọ̀sán ò tíì tán lọ́rùn rẹ̀, tòru ti dé.
Lọ́jọ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège.
Mo rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, oríṣi mẹ́ta, tí ò ràn ọ́.
Mo rántí Baldomero àbúrò rẹ
tó sùn lọ sórí àga lọ́jọ́ ìbí rẹ̀,
tí a ní kẹ́nikẹ́ni má jí i.

O bá ẹ̀rọ náà jà lọ́sẹ̀ méjì. O ní o dà bí òmùwẹ̀.
Lóru àkọ́kọ́ tí o gbà, èmi ni ò sùn:
mo na ọwọ́ sí àyà rẹ nínú òkùnkùn.
Níta, ìjì ń gbọn páànù.
Nínú ilé, afẹ́fẹ́ kékeré kan ń wọlé, ó ń jáde.

Mo ti hun ìkejì. Funfun ni látòkè délẹ̀.
Wọn ò jọra, o sì ń wọ̀ wọ́n lọ síbi iṣẹ́,
o ní ẹsẹ̀ òsì ló ń gbóná jù.