Ìgò Tó Ń Dún

Ọ̀ṣúntóyìn kò gba ẹnu ọ̀nà iwájú.
Ẹ̀yìn ló gbà, níbi tí a ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí,
ó ní oògùn ibà lòun wá béèrè.
Mo ní, "Jókòó." Mi ò bi í léèrè ibà.

Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́.
Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, Òṣogbo sí Máídúgùrì,
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lójú ọ̀nà, ọjọ́ mẹ́rin nílé.
Ó ń mú àlùbọ́sà bọ̀, ó ń mú kúlíkúlí bọ̀,
ta ló mọ ohun mìíràn tó ń mú bọ̀?
"Mo ní kó lo rọ́bà.
Ó ní, àlè rẹ dà?"

Mo gún un ní ìka. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan.
Ogún ìṣẹ́jú la fi ń wo rélùweè lójú fèrèsé,
ewúrẹ́ ń jẹ koríko láàárín irin.
Ìlà kan ló yọ. Kò sí kòkòrò éèdì lára rẹ̀.
Ó mí kanlẹ̀, ó dìde, ó fẹ́ máa lọ.

Mo ní, dúró.
Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́,
ẹni eji rí leji ń pa.
Oògùn kan wà, ẹyọ kan lójúmọ́,
ẹni tí kò ní in ló ń lò ó, kó má baà ní in.
Owó ńkọ́? Kò sówó.
Orúkọ? Nọ́ńbà la ń kọ.
Ọkọ mi ńkọ́?
Kì í ṣe òun ló máa gbé e mì.

Ó gba ìgò, ó mì í. Ó ń dún
bí àgbàdo gbígbẹ nínú agolo.
Ìyá ọkọ rẹ̀ ń sùn ní yàrá kejì, etí rẹ̀ sì mú.
Mo já òwú, mo kì í bọnú ìgò,
mo tún un mì.
Kẹ́kẹ́ pa.
Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín nìyẹn.

(Àwọn mìíràn ń gba ẹ̀yìn yìí wọlé:
ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí kì í gbójú sókè,
obìnrin méjì láti òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn téṣàn
tí wọ́n máa ń bú mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé mo ti ń sanra.)

Oṣù kan pé, ó dé. A tún dá oṣù mẹ́ta.
Ọjọ́ pé, kò yọjú.
Ọjọ́ kejì, kò yọjú.
Aago márùn-ún lù, Bàbá Ràfíù ọlọ́dẹ
bi mí bóyá kí òun ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.
Mo ní kó ṣì fi í sílẹ̀.
Òjò ti ṣú lápá Gbọ̀ǹmí.
Káàdì rẹ̀ wà níwájú mi, nọ́ńbà lásán, kò lójú, kò lẹ́nu.
Mo ń já òwú sílẹ̀,
díẹ̀, díẹ̀.