Lẹ́tà Kan

Bàbá mi, Ülo Kasemets, ń gé kọ́kọ́rọ́ ní ìlú Tartu.
Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó há bí àpótí.
Ó mọ eyín kọ́kọ́rọ́ kà bí ẹlòmíràn ṣe ń kàwé.
Ó máa ń ní, "Helve, eyín kan péré ni.
Bó bá yẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní dá ọ lóhùn."

Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù,
ó wá ń ra orúkọ.
Orúkọ ìkànnì, yúrò mẹ́wàá lọ́dún,
bí ẹni ń ra ilẹ̀ tí kò ní erùpẹ̀.
Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe yìnyín tó kọ́kọ́ bọ́ lọ́dún;
ọlọ́jà kan ní Otepää, tó ń ta pátákó tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín,
san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún un láìjanpata.
Owó yẹn la fi tún òrùlé ṣe.
Kò sẹ́ni tó bínú. Ta ló ni yìnyín?

Ṣùgbọ́n báńkì kan wà ní Stockholm, Velmora lórúkọ rẹ̀.
Bàbá mi fi "o" kan kún un: Velmoora.
Lọ́dọ̀ tiwa, kí fáwẹ̀lì méjì fara kanra kì í ṣe àṣìṣe,
bẹ́ẹ̀ là ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ là ń pe ara wa.
Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́,
pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀,
ẹ mọ bí ohun kékeré ṣe ń gbé ènìyàn lọ síbòmíràn.

Ìka àwọn èèyàn sì ń yọ̀.
Ìyá àgbà kan ní Võru tẹ "o" lẹ́ẹ̀mejì,
ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ bàbá mi,
nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ ológbò rẹ̀, gbogbo rẹ̀.
Ó pa á rẹ́. Ó pẹ́ kó tó dìde lórí àga.
Ọkùnrin kan pè é láti Riga:
"Tà á fún mi, n ó kọ́ báńkì síbẹ̀ tí yóò jọ báńkì."
Bàbá mi ti rí irú wọn rí,
àwọn tó ń gbé ojú kọ́kọ́rọ́ wá nínú ọṣẹ tútù.
Ó gé fóònù.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mi ò mọ bí n ó ṣe sọ.
Ó kọ lẹ́tà sí báńkì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bu ọwọ́ lù ú:
"Mò ń bá yín ṣọ́ ọ. Ọ̀kẹ́ méjì yúrò."
Báńkì ò dáhùn.
Lọ́yà ló dáhùn.

Ẹjọ́ náà lọ sí Geneva, àwa ò lọ.
Adájọ́bìnrin kan tí a ò rójú rẹ̀ béèrè ohun mẹ́ta.
Ṣé ó jọ orúkọ tí wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lù? Ó jọ ọ́.
Kí ló kàn ọ́ nínú rẹ̀? Bàbá mi wo àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.
Inú wo lo fi rà á?
Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa lẹ́tà rẹ̀ yọ.
Ìyá àgbà Võru kò sí nínú ìwé ẹjọ́,
ọkùnrin Riga kò sí níbẹ̀.
Ohun tí ènìyàn kọ̀ láti ṣe kì í ní òǹtẹ̀.

Wọ́n gba orúkọ náà lọ, wọn ò gba owó.
Lọ́yà tiwa, tí súìtì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀,
ní ká dúpẹ́, pé bó ṣe kóòtù Amẹ́ríkà ni,
òrùlé tí yìnyín tún ṣe ì bá bá a lọ.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ilé onílé ni bàbá mi wò.

Ó gbé ìdájọ́ náà kọ́ sórí ìṣó,
láàárín àwọn kọ́kọ́rọ́ tí olówó wọn kò padà wá gbà.
Lálẹ́ àná, mo tẹ Velmoora, "o" méjì,
ó gbé mi lọ tààrà sẹ́nu ọ̀nà báńkì.
Eyín kan ló fi lé.
Ilẹ̀kùn náà ṣí.